Ìsàlẹ̀ Odò àti Orí Òkè ní Harpers Ferry

Ìlú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kéré jọjọ. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà ka ènìyàn ní ọdún 2020, ènìyàn 285 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Àwọn tí ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ní Yunifásítì wa lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Harpers Ferry ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní Ìpínlẹ̀ West Virginia, ní ṣóńṣó ilẹ̀ kan tí odò Potomac àti odò Shenandoah ti pàdé. Òkè yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú náà fi dà bí ohun tí a gbé sí ìsàlẹ̀ àwo kòtò.

Kí ni ó wá lè gbé ọmọ Yorùbá dé irú ibẹ̀? Ìtàn ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ní Harpers Ferry, ọ̀nà tí àlejò bá gbà rìn ni ó ń pinnu irú ìtàn tí yóò bá pàdé. Ìlú méjì ni ó wà nínú ọ̀kan: ìsàlẹ̀ odò àti orí òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ ni kò kọjá ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n wo ilé John Brown, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ohun tí wọn yóò jẹ, wọ́n sì padà. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ìtàn ni wọ́n gbé lọ sílé, àbọ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí òkè gan-an ni ó kan àwa ará Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti í dé ibẹ̀. Láti Washington sí Harpers Ferry tó bí 60 máìlì. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbára lé e ní láti mọ ìwà rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n torí wọn ṣe ọkọ̀ MARC: ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ó ń kó wọn lọ sí Washington, ní ìrọ̀lẹ́ ó ń kó wọn padà wálé. Ọkọ̀ Amtrak tí ń lọ sí ìhà Chicago ń kọjá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, òun náà kì í sì í dé kí oòrùn tó rọ̀. Nítorí náà kí ẹni tí yóò bá ti Washington wọ ọkọ̀ ojú irin múra àtisùn. Ní ti àwọn onímọ́tò, gbàgede ńlá kan wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn sí. Bí wọ́n bá ti san owó ìwọlé, bọ́ọ̀sì yóò gbé wọn sọ̀kalẹ̀, nítorí àyè tí mọ́tò lè dúró sí nísàlẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹni ni mọ́tò ẹni.

Odò ni ó bí ìlú yìí. Ní 1747 ni Robert Harper dé ibẹ̀ tí ó ń fi ọkọ̀ tu àwọn arìnrìn-àjò sọdá omi, ọkọ̀ àsọdá yìí ni wọ́n sì fi sọ ìlú lórúkọ. Lẹ́yìn náà George Washington rí i pé omi tí ń ti òkè sáré bọ̀ lè máa yí ẹ̀rọ, ó sì yan ibẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba. Láàárín 1801 àti 1861, ìbọn tí wọ́n rọ níbẹ̀ lé ní 600,000. Ọ̀gbẹ́ni kan, John Hall, tilẹ̀ ń rọ ìbọn létí Shenandoah tí ó jẹ́ pé a lè yọ irin kan lára ọ̀kan kí a fi sára òmíràn, kí ó sì bá a mu rẹ́gí. Ohun ìyanu ni èyí fún àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà náà. Ní 1833 odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ dé òdìkejì Potomac, ní 1834 rélùwéè dé. Àlàfo tóóró tí odò là sáàárín àwọn òkè ni gbogbo wọn ń dù láti gbà kọjá. Rélùwéè ṣì ń gba ibẹ̀ títí di òní, nígbà tí ọkọ̀ ẹrù sì ń kọjá lóru, fèrèsé yàrá tí mo sùn sí ń gbọ̀n.

Ìlú tí ó ṣòro láti wọ̀ kì í rọrùn láti jáde. Èyí ni ó pa John Brown. Òyìnbó ni Brown, ó sì kórìíra oko ẹrú dé ọ̀run. Ó fẹ́ gba ìbọn ìjọba tí wọ́n kó jọ síbẹ̀, tí ó tó bí 100,000, kí ó pín in fún àwọn ẹrú, kí wọ́n sì gba orí òkè lọ máa jà. Ní oṣù Kẹjọ, 1859, ó pe Frederick Douglass sí ìpàdé kọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Chambersburg. Douglass ti ṣe ẹrú rí kí ó tó di gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ó sì kìlọ̀ fún Brown pé pàkúté ni ó fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀, kò sì ní jáde níbẹ̀ láàyè. Brown kò gbà. Ṣùgbọ́n Shields Green, ẹrú kan tí ó ti sá kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀, tí ó sì bá Douglass wá sí ìpàdé náà, yàn láti tẹ̀ lé arúgbó náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, wọ́n gba orí afárá wọlé láti Maryland. Ọmọ ẹ̀yìn 21 ni Brown ní, aláwọ̀ dúdú márùn-ún wà nínú wọn. Mẹ́ta nínú gbogbo wọn dúró sẹ́yìn láti ṣọ́ ẹrù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ilé ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tí ìbọn wọn pa kì í ṣe olówó ẹrú. Heyward Shepherd ni, ènìyàn dúdú bí tiwa, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, tí ó ń ru ẹrù èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó bọ́ sórí afárá láti wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni ìbọn bà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ogun agbègbè náà gba afárá orí odò méjèèjì, ọ̀nà sì dí. Dangerfield Newby ṣubú lójú pópó. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lóko ẹrú ní Virginia, ìdáǹdè wọn ni ó bá lọ. Wọ́n bá lẹ́tà ìyàwó náà lára òkú rẹ̀. Brown àti àwọn tí ó kù sá sínú ilé bíríkì kékeré kan tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ panápaná sí, níbẹ̀ ni àwọn sójà tí Robert E. Lee kó wá ti já ilẹ̀kùn mọ́ wọn lórí ní ọjọ́ 18. Wọ́n yẹgi fún Brown ní ìlú Charles Town ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá. Wọ́n yẹgi fún Shields Green àti John Copeland ní ọjọ́ 16. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú márùn-ún náà, Osborne Anderson nìkan ni ó yè, òun ni ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé ní 1861.

Ilé panápaná náà ti rin ìrìn-àjò ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá wò ó lọ. Ní 1891 wọ́n tú u ní bíríkì bíríkì, wọ́n sì kó o lọ sí Chicago fún ìpàtẹ ńlá ti 1893. Owó tí wọ́n rò pé àwọn yóò rí kò wọlé. Ní 1895 wọ́n dá a padà, wọ́n kọ́ ọ sí oko ìdílé Murphy lẹ́yìn ìlú, lókè odò Shenandoah. Ní 1909 kọ́lẹ́ẹ̀jì Storer rà á, wọ́n sì gbé e wá sínú ọgbà wọn lórí òkè. Ní 1968 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ibi ìtàn gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ odò, nítòsí ibi tí ó wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ti wọ abẹ́ ebè ilẹ̀ tí rélùwéè ń gbà. Ó rọrùn fún àlejò báyìí, mo gbà. Síbẹ̀, lójú tèmi, nígbà tí wọ́n gbé ilé náà kúrò lórí òkè ni wọ́n fún àwọn ènìyàn ní àwáwí láti má ṣe gun òkè mọ́.

Àtẹ̀gùn òkúta ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Lára àpáta gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ti jẹ àárín rẹ̀ wọnú. Ẹni tí ó bá ti gun òkè Ìdànrè rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wọ bàtà tí kì í yọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. A ó kọjá lára ilé tí Harper kọ́, tí wọ́n parí ní 1782, tí kò sí ilé tí ó dàgbà jù ú lọ nínú ìlú. A ó kọjá lára ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Peter Mímọ́, àti ògiri ahoro ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ó ti di ilé ẹyẹ. Ọ̀nà yìí kan náà ni Appalachian Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó ti Georgia lọ dé Maine, tí ó lé ní 2,000 máìlì. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pọn ẹrù sẹ́yìn kí mi níbẹ̀ bí ẹni pé a ti mọ ara wa rí.

Lókè ni àpáta tí wọ́n fi orúkọ Thomas Jefferson pè. Jefferson dúró níbẹ̀ ní 1783, ó sì yin ìran náà gan-an nínú ìwé rẹ̀. Òun kan náà ni ó ti kọ̀wé pé ènìyàn gbogbo dọ́gba. Ẹrú tí ó ní láyé rẹ̀ sì lé ní 600. Mo wo odò méjèèjì láti ibẹ̀, ó sì yé mi ìdí tí ìlú náà fi bọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín 1861 àti 1865. Ẹni tí ó bá gba orí òkè ni ó gba ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án, 1862, ọ̀gágun Stonewall Jackson gbé ìbọn àgbá sórí àwọn òkè tí ó yí i ká, ọmọ ogun Àríwá tí ó ju 12,000 lọ sì túúbá fún un.

Bí a bá kọjá itẹ́ òkú, ilẹ̀ á tẹ́jú, a ti dé Camp Hill nìyẹn. Níbí ni Storer College wà. Àwọn Freewill Baptist ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1867 fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. John Storer, oníṣòwò kan láti Maine, ni ó fi $10,000 sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe dá ọkùnrin tàbí obìnrin padà níbẹ̀, àwọ̀ yòówù kí ó ní. Ilé tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìbọn ń gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di kíláàsì. Ní 1881 Douglass, ẹni tí ó kọ̀ láti bá Brown lọ, wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí láti yin Brown ní gbangba. Andrew Hunter, agbẹjọ́rò ìjọba tí ó rojọ́ tí wọ́n fi yẹgi fún Brown, sì wà lórí pèpéle pẹ̀lú rẹ̀!

Ní oṣù Kẹjọ, 1906, W. E. B. Du Bois àti ẹgbẹ́ Niagara ṣe ìpàdé wọn níbẹ̀. Ilé Brown ṣì wà lóko Murphy nígbà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n tò lọ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì súnmọ́ ọn wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ náà nítorí pé ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni lójú wọn. Àwa tí a ń bọ́ bàtà kí a tó wọ ààfin kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wa.

Ní 1925 ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá kàwé ní Storer. Nnamdi Azikiwe ni. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Howard ní Washington, lẹ́yìn náà sí Lincoln. Òun ni ó di Gómìnà Àgbà wa ní 1960, tí ó sì di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní 1963. Ẹ rántí pé ní 1925 inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ilé Brown wà. Kì í ṣe pé ó san owó láti wò ó. Ará ilé ni wọ́n. Nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn ní Harpers Ferry, ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi èmi àti ẹnì kan tí ń fi ajá rẹ̀ ṣeré.

Mo ní mo ń bọ̀ lórí Heyward Shepherd. Ní 1931 àwọn ẹgbẹ́ ọmọ àwọn tí ó jagun fún Gúúsù gbé òkúta kan kalẹ̀ fún un nísàlẹ̀ odò, wọ́n sì sọ òkú ọkùnrin náà di ẹlẹ́rìí pé àwọn ẹrú fẹ́ràn olówó wọn. Ẹni tí kì í ṣe ẹrú rárá! Níbi ayẹyẹ náà, Pearl Tatten, olùkọ́ orin ní Storer, dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó sì sọ ọ́ sójú wọn pé ọmọ ẹni tí ó jà fún Àríwá ni òun. Ní ọdún kejì, Du Bois àti ẹgbẹ́ NAACP kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sórí àwo irin láti fi bọlá fún Brown, ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀rọ̀ náà ti le jù, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́. Ọdún 2006 ni àwo náà tó dé orí òkè. Àwọn tí kò bá gòkè ń ka òkúta ti 1931. Wọn kì í rí àwo náà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1955. Ní 1954 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti pàṣẹ pé kí a má ṣe ya ilé ẹ̀kọ́ dúdú sọ́tọ̀ mọ́ sí ti funfun, Ìpínlẹ̀ West Virginia sì dáwọ́ owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, tiwọn sì tì. Ní ìgbẹ̀yìn, ìjọba gba ọgbà náà, wọ́n sì sọ ilé rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ ibi ìtàn níṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ní agbára sí i, kí ó má tíì sọ̀kalẹ̀. Oko Murphy ti di ti gbogbo ènìyàn báyìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ó lọ dé etí òkè, níbi tí ilé náà wà láti 1895 di 1909. Ilé kò sí níbẹ̀ mọ́. Koríko ni, àti odò Shenandoah nísàlẹ̀, àti ojú ibi tí ìpìlẹ̀ ilé náà wà.