Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Òtútù Àyà Lára Àwọn Tó Ní HIV: Àyẹ̀wò Ìwádìí Mẹ́ta ní Áfíríkà

Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní pneumococcus wà lára ohun tó sábà máa ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Ẹni tó ní HIV ló máa ń kọlù ju ẹlòmíràn lọ, kódà bí onítọ̀hún bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ǹjẹ́ ara tí HIV ti bá jà lè jàǹfààní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀? Ó lè jàǹfààní, ṣùgbọ́n irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún ṣe pàtàkì.

Oríṣi abẹ́rẹ́ méjì ló wà. PPSV23, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1983, kò ní ju ṣúgà tó bo ara ẹ̀yà bakitéríà náà 23 lọ. Ṣúgà lásán kì í ta CD4, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ìgbógunti àrùn nínú ara, jí, nítorí náà ìrántí ara kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú PCV, tó jẹ́ oríṣi kejì, wọ́n so ṣúgà náà mọ́ pùrótéènì, èyí tó ń mú kí CD4 dá sí ọ̀rọ̀ náà. CD4 yìí gan-an ni HIV ń pa, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé PCV náà kò ní ṣiṣẹ́.

Ní Entebbe ní Uganda, wọ́n gún àwọn àgbàlagbà tó ní HIV ní PPSV23, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní àjẹsára nínú. Gbogbo wọn jẹ́ 1,392. Èsì tó jáde ní 2000 bani lẹ́rù: abẹ́rẹ́ náà kò dáàbò bò wọ́n, òtútù àyà sì tún pọ̀ láàárín àwọn tó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ. Oògùn HIV kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà, a sì gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, èsì Blantyre ní Màláwì jáde. Àwọn 496 tí bakitéríà yìí ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ọpọlọ wọn rí, tí wọ́n sì yè é, ni wọ́n wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní HIV. PCV dín ìpadàbọ̀ àrùn látọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà tí abẹ́rẹ́ náà kápá kù ní ìdá 74 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní. Ní Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, èsì 2003 fi hàn pé ààbò PCV jẹ́ ìdá 65 nínú 100 lára ọmọdé tó ní HIV, 83 lára àwọn tí kò ní in.

Lóòótọ́, ara ẹni tó ní HIV kì í pèsè èròjà agbógunti-àrùn tó ti ẹlòmíràn, kì í sì í pẹ́ kó tó dín kù. Ẹni tí oògùn ti kápá HIV ara rẹ̀ máa ń ṣe dáadáa jù. Síbẹ̀, ìlànà Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n gún PCV láìwo iye CD4. PPSV23 ni wọ́n ní ó sàn kó dúró di ìgbà tí CD4 bá tó 200. Mo gbà pé ìlànà yìí tọ́, nítorí ẹni tí CD4 rẹ̀ kéré ni àrùn yìí ń pa jù.

Láti December 2014 ni PCV ti wà lára àjẹsára tí Nàìjíríà ń fún ọmọ ọwọ́, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Àgbàlagbà tó ní HIV kò sí nínú ètò yẹn. Mo bẹ àwọn aláṣẹ ìlera pé kí wọ́n gbé PCV sí ilé ìwòsàn tí àwọn èèyàn yìí ti ń gba oògùn, kí wọ́n lè gba méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.