Ìgbà Tí Kọ̀ǹpútà Kọ́ Láti Wo Inú Igbá

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí n fi èdè JavaScript kọ ètò tí yóò wá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́. Ètò mi ní kò sí ìkankan. Bí ìwé owó méjì ṣe kan ìyá ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n fi àtẹ ata wọn sílẹ̀ lọ́jà, wọ́n wá ń bẹ̀bẹ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo làwọn ní níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1958, John McCarthy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè Lisp ní MIT, ní Amẹ́ríkà. Nínú Lisp, àkójọ lè wà nínú àkójọ, bí igbá nínú igbá. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1960, eq ni ó fi ń béèrè bóyá ohun méjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ nìkan ni eq mọ̀. Gbé igbá fún un, kò ní èsì. McCarthy wá fi eq kọ́ òmíràn, equal. Bí ohun méjèèjì bá jẹ́ ẹyọ, equal á bi eq. Bí wọ́n bá jẹ́ àkójọ, á ṣí wọn, á fi ara rẹ̀ wo apá àkọ́kọ́, á tún fi ara rẹ̀ wo ìyókù, títí á fi kan ẹyọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á kí ó tó yé mi pé equal wà nínú àlàyé equal fúnra rẹ̀!

Ní 1995, Brendan Eich ṣe JavaScript fún Netscape, ọjọ́ 10 péré ló fi ṣe ti àkọ́kọ́. Bí o bá fi àmì ìdọ́gba rẹ̀ wo àkójọ méjì, ohun tó ń béèrè ni pé ṣé ọ̀kan náà gan-an ni wọ́n, kì í ṣe pé ṣé wọ́n jọra. Táíwò lè jọ Kẹ́hìndé bí ìmumi, ènìyàn méjì ṣì ni wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Mo kọ equal tèmi. Ó kọ́kọ́ ń yí ká láìdúró, torí mo ti fi ìyá sínú àkọsílẹ̀ ọmọ, mo tún fi ọmọ sínú ti ìyá. Mo ní kó máa rántí ibi tó ti dé. Nígbà tó parí, orúkọ 11 ló jáde, ti ọ̀rẹ́ mi ni ìkẹrin.