Ìtàn Àyasọ: Orúkọ Tó Yẹ Ìwé Aláwòrán

Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ bá pàtẹ ìwé ìtàn aláwòrán fún àwọn ọmọdé, kí ni a ó kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà? Púpọ̀ ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìpàtẹ tó fún ètò náà fúnra rẹ̀. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ náà tó fún irú èyí tí Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, máa ń yà sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti fi bẹnu àtẹ́ lu ìjọba amúnisìn. Orúkọ ìwé náà gan-an ló nira. Ẹni tó bá pè é ní ìwé apanilẹ́rìn-ín ti ṣì í pè: kì í ṣe ẹ̀rín ni ìwé Iyanu tí Roye Okupe gbé jáde ní 2021 dá lé, bí kò ṣe ọmọ òrukàn kan tó ní agbára àràmàǹdà. Ẹni tó pè é ní "ìtàn àròsọ oníyàwòrán" kàn di ọ̀rọ̀ bí ẹrù igi ni. Kò sì yà á sọ́tọ̀: ìwé Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, náà ní àwòrán. Yọ wọ́n kúrò, ìtàn ṣì dúró. Yọ àwòrán inú Iyanu, ìtàn wó.

Ìtàn àyasọ ni mo fara mọ́. Ẹ tú àròsọ wò: à, rò, sọ, ohun tí a rò, tí a sì sọ. Ẹ fi ya rọ́pò rò, ó di ohun tí a ya láti fi sọ̀tàn. Àwòsọ ìbá dùn létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òǹkàwé ni wíwò, iṣẹ́ òǹkọ̀wé sì ni àròsọ ń sọ. Bí ẹnìkan bá ní àyasọ jọ ìyàsọ́tọ̀, ohùn ló yà wọ́n: yà ti ìpínyà wálẹ̀, ya ti àwòrán wà láàárín. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Àpótí kọ̀ọ̀kan tí a ya àwòrán sí ńkọ́? Láti 1967 ni Atọ́ka, ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sójú ìwé, tí ọ̀rọ̀ wọn sì wà lẹ́bàá ẹnu wọn. Eré ló di ìwé, nítorí náà ká yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ eré. Ìran ni a ń pe apá kan eré. Ṣùgbọ́n ìran kan lè gba àpótí mẹ́fà, nítorí náà ojú ìran ló yẹ àpótí kan, bí a ṣe ń sọ ojú ìwé.

Àwọn kan á ní ọmọdé ti ń pè é ní kọ́míìkì, kí la tún ń wá? N kò bá àyálò jà. Rédíò ti di tiwa. Ṣùgbọ́n kọ́míìkì kò sọ ohunkóhun fún etí ọmọ Yorùbá, nígbà tí àyasọ ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ pè é. Bí ó bá yọ̀ lẹ́nu wọn, a ti rí orúkọ. Bí kò bá yọ̀, ká tún un rò.