Láti Ère dé Fọ́tò ní Ìhà Àríwá Èkìtì

Kí kámẹ́rà tó dé Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwòrán ènìyàn wà. Òun ni í gbẹ́ ère ìbejì. Òun náà ni í gbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti abiyamọ sára òpó ààfin. Iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, fi dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní 1947. Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún ará Òsì, gbẹ́gi níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́ sí i. Ní 1954 ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé.

Fọ́tò, tí wọ́n kéde ní ilẹ̀ Faransé ní 1839, ti wà ní Èkó kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, kí ó tó gòkè wá sí ìgbèríko. Ẹni tí ó bá rò pé ńṣe ni ó lé ère lọ kò rí ìdí ọ̀rọ̀. Fọ́tò jogún òfin ère ni. Jíjọra ni àwọn àgbà ń béèrè lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì tú àléébù rẹ̀ síta. Ìfarahàn náà ṣe pàtàkì: kí ojú, etí àti ọwọ́ hàn kedere. Ayàwòrán náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò mú àgbàlagbà jókòó gbọnyin, yóò tẹ́ agbádá rẹ̀ dáadáa, yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún, yóò sì ní kí ó kọjú sí kámẹ́rà.

Ibi tí ogún yìí ti hàn jù ni ti ìbejì. Ní 1978, Stephen Sprague ará Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, ìlú Ìgbómìnà tí kò jìnnà sí Èkìtì. Bí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya méjèèjì pọ̀, èyí tí ó kù ni wọn yóò mú lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn yóò yà á lẹ́ẹ̀mejì, nínú aṣọ tirẹ̀ àti nínú aṣọ èkejì rẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn, ayàwòrán yóò bo ìdajì pépà, yóò tẹ àwòrán sí ìdajì tí ó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yí i padà. Bí pépà bá jáde nínú omi oògùn, Táíwò àti Kẹ́hìndé ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìyá tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì tàbí Ìsìláàmù kò jẹ́ kí ó gba ère mọ́ lè gbé èyí kọ́ sára ògiri láìsí ẹ̀sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbà. Fọ́tò tí ó yà nígbà tí ara rẹ̀ le ni àwọn ọmọ yóò mú jáde lọ́jọ́ ìsìnkú; òun ni wọn yóò tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà, òun ni yóò sì wà lókè pálọ̀, níbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Lónìí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ti sọ gbogbo ènìyàn di ayàwòrán. Ère ìbejì tí ó kúrò nílé ń bẹ nínú mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń tọ́jú bí ẹyin. Nẹ́gẹ́tíìfù tí ó gba ipò rẹ̀ ń bẹ nínú àpótí, níbi tí ikán àti òjò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú òpìtàn. Ọmọ ìyá kan náà ni ère àti fọ́tò. Ó yẹ kí a tọ́jú àwọn méjèèjì.