Ìdí Tí Ìlà Ìtànṣán Fi Ń Gùn

Ọ̀rọ̀ ìlà la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìlà epo o! Ìlà àwọn obìnrin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú, tí wọ́n wá ń dúró de ẹ̀rọ ìtànṣán nílé ìwòsàn ìjọba. Ìtànṣán yẹn ló ń pa èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn abẹ. Bí ìdúró bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ewu pé jẹjẹrẹ á tún yọjú níbẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ̀rọ ò tó. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ náà.

Ní Kánádà lọ́dún 1951 ni wọ́n kọ́kọ́ fi cobalt-60 tọ́jú aláìsàn. Irin kékeré ni, ó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, LUTH ní Ìdí-Àràbà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìtànṣán. Nígbà tó yá, Ìbàdàn àti Zaria náà ní ẹ̀rọ cobalt tiwọn.

Cobalt máa ń rẹ̀, bíi bátìrì fóònù tó ti gbó. Láàárín ọdún 5 àti oṣù díẹ̀, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìdajì, wọn ì báà lò ó, wọn ì báà má lò ó. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 2 sùn lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá fi ìṣẹ́jú 4 sùn kó tó gba ìwọ̀n kan náà. Bí ọdún 5 mìíràn bá tún kọjá láìpààrọ̀ rẹ̀, ó di 8. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ iye èèyàn tó ń kàn lójúmọ́ ń dín kù. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra tuntun, gbígbé ògbólógbòó kúrò náà kì í ṣe eré. Ká sọ tòótọ́, "ẹ̀rọ bàjẹ́" máa ń wọ ìwé ìròyìn. Ta ló ń kọ "ẹ̀rọ ń rẹ̀"?

Bó bá wá bàjẹ́ lóòótọ́ ńkọ́? Ìtọ́jú tó bá dá dúró lágbedeméjì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, torí náà ẹni tó ti gba 12 nínú 25 ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe. Ẹni tuntun á sún sẹ́yìn.

Ìgbà 25 yẹn, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 5 ni. Obìnrin tó bá ti Ọ̀wọ̀ wá gbọ́dọ̀ wá ibi sùn sí n'Ìbàdàn. Ta ló máa bá a wo àwọn ọmọ?

Lọ́dún 2019, LUTH ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tuntun pẹ̀lú àjọ NSIA, mílíọ̀nù 11 dọ́là ni wọ́n ná sí i. Linear accelerator ló wà níbẹ̀. Iná mànàmáná ló fi ń ṣe ìtànṣán, kì í rẹ̀ bíi cobalt. Àmọ́ kò fẹ́ kí iná ṣẹ́jú rárá, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí a wà.

Apá ibi tó wú mi lórí jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní Bìrìtìkó fi hàn pé ìgbà 15 lè ṣe iṣẹ́ 25. Lọ́dún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 4,000 fún ọdún 5, wọ́n ní 5 lè tó fún ọ̀pọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àyè tí ẹnì kan ń gbà lórí ìlà, èèyàn 5 lè gbà á. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló bá mu o. Àmọ́ bí màámi yín tàbí àǹtí yín bá wà lórí ìlà báyìí, ẹ bi dókítà wọn pé: ìgbà mélòó ni? Ṣé 15 ò lè tó fún wọn?