Nàìjíríà ní Ọdún 1986

Nígbà tí ọdún 1986 wọlé, oṣù mẹ́rin péré ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tíì lò lórí àlééfà. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1985 tó ti lé Muhammadu Buhari kúrò níbẹ̀ ló ti ń sọ fún aráyé pé ìjọba tòun yóò máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó fagi lé Òfin Kẹrin tí ìjọba Buhari fi sọ àwọn oníròyìn sẹ́wọ̀n, ó tú ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ ní àhámọ́, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Ààrẹ, oyè tí olórí ológun kankan kò jẹ́ rí ní Nàìjíríà. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi, torí inú ìjọba líle ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde. Ọdún 1986 ni ìlérí náà délẹ̀ ìdánwò, orí àwọn òǹkọ̀wé sì ni ìdánwò ọ̀hún ti le jù lọ. Nínú oṣù méjìlá yẹn, ìjọba yìnbọn pa akéwì kan, bọ́ǹbù pa oníròyìn kan nínú ilé rẹ̀, òǹkọ̀wé eré kan sì gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, owó epo bẹntiróò fò láti 20 kọ́bọ̀ sí 39.5 kọ́bọ̀ fún lítà kan. Epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń tà kò lówó lórí mọ́ lọ́jà àgbáyé. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún náà, ó ti já wálẹ̀ títí dé nǹkan bí dọ́là mẹ́wàá fún àgbá kan. Ní ìparí ọdún 1985, ìjọba ti ní kí ará ìlú jókòó jíròrò bóyá kí orílẹ̀-èdè yá owó lọ́wọ́ IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó. Àwọn ènìyàn jíròrò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò àti nínú ọjà, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́. Ìjọba ní òun ti gbọ́. Síbẹ̀, láàárín ọdún 1986, ó gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú mọ̀ sí SAP, ohun tí IMF sì ń béèrè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ṣí ọjà tuntun fún pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Náírà kan àtààbọ̀ àti díẹ̀ ló ń ra dọ́là kan tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọjà náà ṣí, ó ti lé ní náírà mẹ́rin àtààbọ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ìjọba tú àwọn àjọ tó ń bá àgbẹ̀ ra irè oko ká lọ́dún yẹn, owó kòkó sì gbéra ní Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì lọ́nà tí wọn kò rí i rí fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbowó oṣù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra ìwé àti ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ láti òkè òkun kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí owó oṣù ń rà kéré sí i lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà gbóná. Ní oṣù Kìíní, ní ìlú Fez ní Morocco, Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ OIC, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, láìjẹ́ pé ìjọba kọ́kọ́ sọ fún ará ìlú. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì bínú, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Anthony Olúbùnmi Okogie sì wà lára àwọn tó fi ìbínú náà hàn gbangba. Igbákejì Babangida, Ebitu Ukiwe, sọ pé wọn kò mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè. Kí ọdún tó parí, ó ti kúrò nípò, Augustus Aikhomu sì rọ́pò rẹ̀.

Nínú oṣù Kìíní kan náà, Babangida yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàdínlógún, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Cookey jẹ́ alága rẹ̀, láti lọ káàkiri kí wọ́n béèrè irú ìṣèlú tí àwọn ènìyàn ń fẹ́. Ọdún 1990 ni wọ́n ní ológun yóò gbé ìjọba sílẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pé kó wá dá sí i. Ó fèsì pé òun kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i, pé ohun tí wọ́n ń wá kò ní tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àti pé òun ń gbàdúrà kí ọ̀rọ̀ òun má ṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ológun kò lọ ní 1990, Babangida kò sì kúrò àfi ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, lẹ́yìn tó ti fagi lé ìbò ààrẹ ti June 12 ọdún náà.

Ní oṣù Kẹta ni ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ṣàn. Ọ̀gágun Mamman Vatsa, mínísítà fún Àbújá, wà lára àwọn ológun tí wọ́n mú ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, tí wọ́n ní wọ́n ń gbèrò láti gba ìjọba. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe Babangida ni Vatsa. Wọ́n jọ lọ sílé ìwé ní Bida ni, wọ́n jọ wọṣẹ́ ológun, Vatsa náà ló sì dúró ti Babangida lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú, ó kọ ewì fún ọmọdé àti àgbà, ó sì bá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà wá ilẹ̀ sí Àbújá. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un, Chinua Achebe, Wọlé Ṣóyínká àti J.P. Clark dìde, wọ́n lọ bá Babangida ní Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba rẹ̀ ní Èkó, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta tí gbogbo Áfíríkà ń bọlá fún ló tọ Ààrẹ lọ lójúkojú yìí, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa Vatsa pẹ̀lú àwọn ológun mẹ́sàn-án mìíràn. Abúlé àwọn òǹkọ̀wé tó wà ní Mpape ní Àbújá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ní oṣù Karùn-ún, ó kan àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìjà ti wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn aláṣẹ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, pàápàá lórí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìrántí àwọn tó kú nínú ìwọ́de akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní “Ali Must Go” lọ́dún 1978. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá wọnú ọgbà, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ọmọ tí kò ní ìbọn lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mìíràn tú síta. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC, ní àwọn yóò wọ́de ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà láti bá wọn kẹ́dùn; ìjọba kó àwọn olórí wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Lẹ́yìn náà ó fi òfin yọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, kúrò lára NLC.

Àwọn ìròyìn ayọ̀ náà kò ṣàìsí. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ìjọba Buhari sọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè, jáde ní oṣù Kẹrin. Ní oṣù Kẹfà ó ti wà lórí ìtàgé ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, níbi ayẹyẹ orin tí Amnesty International ṣe. Ní oṣù Keje, Nàìjíríà àti Ghana ló kọ́kọ́ kéde pé àwọn kò ní lọ sí ìdíje Commonwealth ní Edinburgh, torí ìjọba Margaret Thatcher kọ̀ láti fìyà ọrọ̀ ajé jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Orílẹ̀-èdè méjìlélọ́gbọ̀n ni kò lọ nígbẹ̀yìn. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì Nàìjíríà, ó tún gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup.

Lẹ́yìn náà ni oṣù Kẹwàá dé. Ní Thursday, ọjọ́ 16, wọ́n kéde láti Stockholm pé Wọlé Ṣóyínká ló gba Ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí yóò gbà á. Ọmọ Abẹ́òkúta tó dàgbà ní Aké, tó fi Ògún ṣe òpómúléró iṣẹ́ rẹ̀, tí ìjọba Gowon sì ti tì mọ́lé rí lásìkò ogun abẹ́lé, ni gbogbo ayé wá ń pọ́n lé. Babangida fi oyè CFR dá a lọ́lá.

Ní ọjọ́ kejì ìkéde náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fọ̀rọ̀ wá Dele Giwa, olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Newswatch, lẹ́nu wò. Ara ohun tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fẹ́ kó ìbọn wọ̀lú. Ọmọ Ugbekpe Ekperi ní Ìpínlẹ̀ Bendel ni Giwa, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láàfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Òun, Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed ló dá Newswatch sílẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì ti gbajúmọ̀ láàárín ọdún méjì. Ní òwúrọ̀ Sunday, ọjọ́ 19, wọ́n gbé ìdì kan wá sílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé e wọlé fún un, Kayode Soyinka, aṣojú Newswatch ní London, sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá. Bí Giwa ṣe fẹ́ ṣí i ni bọ́ǹbù bú. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì kú níbẹ̀ lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógójì. Nàìjíríà kò tíì rí irú rẹ̀ rí, kí wọ́n fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí oníròyìn bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ní oṣù Kejìlá, Ṣóyínká lọ gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún Nelson Mandela, tó ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, ó sì fi ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà gún ojú àwọn tó jókòó gbọ́ ọ.

Nílé, Gàní Fáwẹ̀hìnmí, tó jẹ́ lọ́yà Giwa, kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó fẹ́ fúnra rẹ̀ pe àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Àwọn náà ní ọwọ́ àwọn mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Gàní láre pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ìdájọ́ fún ẹni tí wọ́n pa, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìbátan rẹ̀, ìdájọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ará ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2001, ìgbìmọ̀ Oputa, tó ń wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, ránṣẹ́ pe Babangida kó wá ṣàlàyé ohun tó mọ̀, kò yọjú. Kò sí ilé ẹjọ́ tó tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà.

Àwọn mẹ́ta tó kù ní Newswatch ń bá iṣẹ́ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1987, àbọ̀ ìgbìmọ̀ Cookey tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí ìjọba tó gbé e jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ará ìlú kà, ìjọba sì ti ìwé ìròyìn náà pa fún oṣù mẹ́fà.