Ìbàdàn: Ìjọba Tí Kò Gbẹ́kẹ̀ Lé Adé

Bí a bá ń wá ìjọba Yorùbá àtijọ́ tí ipò olórí rẹ̀ kì í ṣe ogún baba, ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà: Ìbàdàn yìí náà ni. Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run, ó kú ní 1847. Ògúnmọ́lá jẹ oyè kan náà láti 1865 títí ó fi kú ní 1867. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣàkóso láti 1871 dé 1885. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Akọni ni ìlú ń wò, kì í ṣe ìdílé.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìṣòro wà. Ogun ni ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń di olóyè. Ogun náà ni olóyè fi ń bọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àlàáfíà kò ṣe é fara mọ́. Ibùdó ogun Kírìjí ni Látòósà kú sí, kò rí òpin ogun náà.

Lónìí, ìlà Olúbàdàn àti ìlà Balógun ní ń jẹ oyè Olúbàdàn ní gbígbà-fún-ra-wọn. Sùúrù ti rọ́pò idà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé yíyọ ogún kúrò nínú oyè nìkan kò tó: kí ni a fi rọ́pò rẹ̀? Àwọn baba wa yọ ogún, wọ́n fi ogun dípò.